Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí gìtá inú kéèsì yẹn fi wọ́n

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó ọdún náà.

Láti ìgbà tí a ti gbé gìtá kan tí wọ́n ń pè ní Martin D-28 wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ìkòròdú, ìbéèrè kan náà ni à ń dáhùn láàárọ̀ lálẹ́: kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Bọ̀dá kan tó ń lu gìtá ní ìjọ Kérúbù kan ní Ìgbógbò wò ó títí, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa fi kẹ̀kẹ́ Márúwá sí i ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàsọdùn, owó gìtá náà kò jìnnà sí ti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹlòmíì á ní èyí tí òun rà lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá náà ní okùn mẹ́fà, ó sì ní ihò láàárín, kí ló wá dé? Ìyẹn ni mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Gìtá olówó pọ́ọ́kú, pílàíwúùdù ni ojú rẹ̀, awẹ́ igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra. Ó lágbára. Ọmọ kékeré lè jókòó lé e (n kò ní kí ẹ dán an wò o), kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbọ̀n dáadáa, torí awẹ́ tó dábùú ara wọn àti gọ́ọ̀mù ti dì í mú. Ti D-28 yàtọ̀. Odindi igi ni, Sitka spruce tó ń hù ní etíkun Alaska àti Kánádà. Wọ́n á la pákó kan sí abala méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, wọ́n á wá so ó pọ̀ láàárín. Ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa: ìlà igi tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì bára mu bí ilà ojú ìbejì.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Pákó ojú gìtá yẹn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Tí a bá sì ti yí okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ohùn, agbára tí wọ́n fi ń fà á lé ní kílò 70. Kílò 50 péré ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Bí oníṣẹ́ bá jẹ́ kí pákó náà nípọn jù, kò ní dún. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, okùn á fà á yọ ikùn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yọjú sínú ihò, ẹ ó rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X lábẹ́ pákó náà. Ilé iṣẹ́ Martin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1833, ti ń fi X yẹn ṣe gìtá kí ọdún 1850 tó pé. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣe gìtá á fá igi náà díẹ̀, wọ́n á fi ìka kan pákó, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún fá. Ohun tí wọ́n yọ kúrò lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá ti jókòó ti agbẹ́lù rí mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn baba wa ní igi ẹ̀bá ọ̀nà ló dára jù fún ìlù, torí ó ti gbọ́ ohùn èèyàn. Ti Alaska yìí, àfi tó bá jẹ́ ohùn béárì.

Rosewood ilẹ̀ Íńdíà ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ́bónì tó dúdú bíi kóró iṣin ni ibi tí ìka ń tẹ̀. Títí di 1969, rosewood ti Brazil ni wọ́n ń lò fún D-28. Láti 1992 sì ni àdéhùn àgbáyé ti de òwò igi yẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá fi D-28 tuntun lọ̀ yín lórí fóònù, tó ní igi Brazil ni, tó sì tún pọ́ọ́kú, ẹ rọra o.

Àwọn kan ń bínú pé a kì í gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́yẹ̀ẹ́ ọdún kan, gìtá odindi igi àkọ́kọ́ tí mo rà wọlé, mo gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Fáàrí ni. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, láti ìdí bíríìjì, igi kékeré tó di okùn mú lójú gìtá, títí dé ìsàlẹ̀. Mo fi èékánná tọ́ ọ, èékánná wọlé. Kò sẹ́ni tó gbá a, kò sẹ́ni tó jù ú sílẹ̀. Ọyẹ́ ló fa omi ara igi gbẹ, igi súnkì, ó sán. Mo fi awẹ́ igi kéékèèké lẹ̀ ẹ́ láti inú, ó ń dún, àmọ́ àdánù ni mo tà á.

Tó bá tún dàsìkò òjò, tòun tọ̀sà tó wà nítòsí wa yìí, igi á mu omi, á wú, okùn á ga sókè, ìka á máa ro yín. Nítorí náà, inú kéèsì ni kó máa wà, pẹ̀lú aago kékeré tó ń ka ọ̀rinrin. Kí ó wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbé e sínú bóòtù mọ́tò lọ́sàn-án gangan, gọ́ọ̀mù ìdí bíríìjì á yọ́. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ wa, kó gbé e wá bí ọyẹ́ bá dé àti bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó tún ọrùn rẹ̀ tò, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ́ọ̀dù C àti G kò nílò rẹ̀. Ẹ ra ti pílàíwúùdù fún un, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ yà wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago 12. A ó pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ó kẹ̀yìn sí wa, a ó lu gìtá méjèèjì, ti pílàíwúùdù àti D-28, sí yín létí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín á gba D-28 náà, ẹ ó lù ú. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e sí ara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bẹ́líìtì onírin yẹn sílẹ̀ ná.

Èmi, ẹni yín ní ṣọ́ọ̀bù gìtá, Sábó.