Lẹ́tà sí àbúrò mi l'Abẹ́òkúta: owó ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àdúrà

Kúnlé,

Kú ilé o. Bá mi kí Màmá dáadáa. Ìdáhùn mi pẹ́, mo mọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́, má sọ pé mo ti gbàgbé ilé. Owó oògùn Màmá ti wọlé lánàá. Owó ilẹ̀ tí o ní ká rà l'Ọ̀bàntókò ni kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀ kí o tó máa bínú.

O ní kí n gbàdúrà kí n sọ ohun tí Ọlọ́run bá wí fún ọ. O tún ní wòlíì kan ń béèrè owó àdúrà ọjọ́ méje lórí òkè, pé òun yóò bá wa gbọ́ ohùn Olúwa. Mi ò ní fi owó yẹn ránṣẹ́, kì í ṣe pé mi ò ní. Jákọ́bù 1:5 ní ẹni tí ọgbọ́n kù fún ni kó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò ní kó háyà ẹni tí yóò bá a béèrè. Kí ará bá ọ gbàdúrà, ó dára. Kí wọ́n gbà á ṣe bíi kọ́ńtíráàtì, rárá o.

Gba ìwé kékeré kan, kí o kọ ohun tí o ń béèrè sínú rẹ̀. "Olúwa, tọ́ mi sọ́nà" fẹ̀ jù, bí ìdáhùn bá dé o ò ní mọ̀. Kọ ọ́ pé: ṣé kí a ra ilẹ̀ yìí, lọ́wọ́ ẹbí yìí, lásìkò yìí? Ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn. Ilẹ̀ lè dára kí ẹni tó ń tà á má ṣeé fọkàn tán. Kọ déètì sí i. Láàárọ̀, kí o tó fọwọ́ kan fóònù, dúpẹ́, béèrè bí o ṣe kọ ọ́, kí o wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù, torí àdúrà aláriwo ni wọ́n fi tọ́ wa. Ohun tó bá wá sí ọ lọ́kàn, kọ ọ́ sílẹ̀, má tíì ṣe é. Lẹ́yìn náà, ka Bíbélì, ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má dijú ṣí i kí o fìka lé ẹsẹ kan. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ á máa ṣí i títí yóò fi kan èyí tó wù ú.

Bí o bá fẹ́ gbààwẹ̀, mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti tó. Màmá kò gbọdọ̀ bá ọ gbà á o! Bí wọ́n bá lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn lórí ikùn òfìfo, ṣúgà ara wọn lè já wálẹ̀, kí wọ́n sì dákú. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lò ń ṣọ́ oúnjẹ wọn, àbí o ti fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀?

O kọ̀wé pé ọkàn rẹ balẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn ṣí nítorí wọ́n gbà ká san án díẹ̀díẹ̀. Ka Jónà orí kìn-ín-ní. Ó dé Jópà, ó bá ọkọ̀ Táṣíṣì nílẹ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó san án. Ilẹ̀kùn wo ló tún kù tí kò ṣí? Ìjì ń jà, òun sùn fọnfọn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bẹ́ẹ̀ Nínéfè ni Ọlọ́run rán an. Nǹkan tó bá ti ń wuni tipẹ́, ọkàn ẹni á kúkú balẹ̀ sí i.

Ti irun àgùntàn tí Gídíónì fi béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run, èyí tí o mẹ́nu bà, Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Má sọ pé bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ká rà á. Lásìkò òjò yìí, kí ló fẹ́ dá a dúró?

Jóṣúà 9 ló jọ tiwa jù. Àwọn ará Gíbéónì gbé àkàrà tó ti bu àti bàtà gbígbó wá, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá. Àwọn àgbà Ísírẹ́lì wo àkàrà, wọn ò béèrè lọ́wọ́ Olúwa, wọ́n bá wọn dá májẹ̀mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbọ́ pé aládùúgbò wọn ni. Ìwọ náà rí ìwé, o rí òǹtẹ̀, o ní ó ti parí. Ta ni olórí ẹbí náà? Ṣé o rí i lójúkojú? Ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni lójú òfin. Èyí tí olórí ẹbí sì dá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Mú ìwé ìwọnlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ, kó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba bóyá wọn ò tíì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Má sọ fún mi pé ìyẹn ò jọ ìgbàgbọ́. Nehemáyà gbààwẹ̀ nítorí odi Jerúsálẹ́mù tó wó, ó sì dúró bí oṣù mẹ́rin, láti oṣù Kísíléù dé oṣù Nísàn àwọn Júù. Nígbà tí ọba bi í léèrè, àdúrà ọkàn kan péré ló gbà kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti mọ iye àkókò tí yóò lò, lẹ́tà tó fẹ́ gbà fún àwọn gómìnà, àti igi tí Ásáfù, olùṣọ́ igbó ọba, yóò fún un.

Fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹni méjì: bàbá ìjọ yín, àti agbẹjọ́rò kan tí kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ọjà náà. Bí àwọn tó ń ta ilẹ̀ bá ní àfi kí a sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Nígbà tí o bá ti rí olórí ẹbí, tí awọnlẹ̀ ti mú èsì wá, ya àwòrán ojú ewé ìwé kékeré yẹn ránṣẹ́ sí mi. Owó wà nílẹ̀, mo tún un sọ, owó wà nílẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé kò sí tìrẹ nínú kọ́míṣọ̀n náà? Mo kàn béèrè ni.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ