Ìyá Ìbejì, ọgbà ọba tí mo rí nìyí

Òkè-Àpómù,
Ìlọrin.
Ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Kánò ńkọ́? Ooru ńkọ́? Ṣé orúnkún ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ ní kí n kí ọ kú àdúrà, ọmọ tuntun sì ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ wò, àlùbáríkà.

O ní tí n bá dé, n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọjà àti ilé gogoro dà ọ́ láàmú, pé ohun kan ṣoṣo tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni kí n kọ sí ọ. Ó dáa. Ọgbà ọba ni. Hyde Park ni wọ́n ń pè é. Má rò pé páàkì bíi ti Màrábà ni mò ń wí o, kò sí agbèrò, kò sí ẹni tó ń pariwo "Ọ̀fà, ó ku ẹnì kan!" Igi, koríko àti omi ni, éékà 350, ní àárín gbùngbùn ìlú. Tí mo bá ti wẹ ọmọ tán láàárọ̀, tí òun àti ìyá rẹ̀ bá sùn lọ, màá wọ kóòtù tó tóbi jù mí lọ, ó di ọgbà. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni wọ́n pe ìyẹn, àmọ́ mo ń gbọ̀n.

Ẹṣin ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Àwọn sójà ọba tí bárékè wọn wà létí ọgbà máa ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́: ẹṣin dúdú, irin tó ń kọ mànà láyà àwọn tó gùn ún. Àwọn kan wọ pupa, ìrù funfun ń jò lórí akoto wọn. Àwọn kan wọ búlúù, ìrù tiwọn pupa. Èmi ọmọ ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn, tí ọ̀kọ̀ jẹ́ orò wọn, n kò mọ ìgbà tí mo kígbe. Òyìnbó kan tó ń fa ajá yà fún mi. Àmọ́ kí n má purọ́, tiwa ọjọ́ ọdún dùn ún wò jù ú lọ. Wọn kò wọ ẹṣin wọn láṣọ, kò sì sí kàkàkí.

Ọ̀nà oníyanrìn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gẹṣin. Ọkọ ọmọ rẹ ló ń ka ìtàn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ọba William Kẹta ló ń gba ọ̀nà yìí lọ sí ààfin rẹ̀ ní Kensington, olè sì pọ̀ níbẹ̀, ló bá ní kí wọ́n gbé àtùpà 300 kọ́ sójú ọ̀nà ní 1690. "Ọ̀nà Ọba" ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ jẹ́ lédè Faransé, ahọ́n àwọn èèyàn bá lọ́ ọ títí ó fi di Rotten Row, bí ẹni pé nǹkan kan ń jẹrà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí bí Ìlọ́-irin ṣe di Ìlọrin náà nìyẹn.

Ilẹ̀ àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọba Henry Kẹjọ gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1536, ó ṣọgbà yí i ká, ó ń fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Charles Kìíní tó ṣí i sílẹ̀ fún mùtúmùwà ní 1637. Ibi tó kàn yìí ló dùn mí jù: wọ́n bẹ́ orí ọba yìí ní 1649, nígbà tó sì di 1652, àwọn tó gbàjọba ta ọgbà. Wọ́n tà á, Ìyá Ìbejì! Ẹni tó rà á ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ṣílè kan fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, sísì fún ẹṣin. Ìgbà tí Charles Kejì padà dé orí oyè ní 1660 ló gbà á padà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà ní 1665, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó sá kúrò nílé lọ pàgọ́ sí.

Adágún odò wà níbẹ̀, ayaba kan ló ní kí wọ́n sé omi rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ní 1851, wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì kan síbẹ̀ fún ìpàtẹ ọjà gbogbo ayé, ó ga débi pé wọ́n fi igi ńlá sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìgé. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tó wá wò ó. Mo wá ojú ibẹ̀ títí, koríko ni mo bá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a lọ sí igun ọgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè dìde sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbangba, nítòsí ẹnu ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Marble Arch. Láti 1872 ni òfin ti fàyè gbà á. Ọkùnrin kan gun àkàbà, ó ń bú ọba tọmọtọmọ. Ọlọ́pàá méjì káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá dògárì ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà sì ni Tyburn, tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn títí di 1783.

Ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí ọ̀rọ̀ títà yẹn fi dùn mí nìyí. Pápá ẹ̀yìn ilé-kéwú wa, níbi tí a ti ń ta òkòtò, wọ́n ti tà á. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo gba ibẹ̀ kọjá. Ṣọ́ọ̀bù ni láti òpin dé òpin, wọ́n sì ti gé igi odán. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo ra ṣúgà ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, mo wá sílé.

Fọ́tò tí a yà lábẹ́ igi yẹn lọ́dún tí a jáde ìwé mẹ́fà, òjò ti ba tèmi jẹ́. Jọ̀ọ́, wo ìsàlẹ̀ àpótí rẹ. Tí o bá rí i, kí àwọn ìbejì fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí mi. Mo ti sọ fún ọmọ rẹ pé èmi ni mo ga jù nínú rẹ̀, kò gbà.

Kí Bàbá Ìbejì fún mi.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ.