Ẹ Dá Fídíò Yẹn Dúró Ná

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ń ka lẹ́tà tí àwọn òbí ń kọ sí yín nípa ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Àwọn kan ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ pátápátá. Àwọn kan ní olùkọ́ tuntun ti dé, kí àwa inú kíláàsì lọ rọra jókòó. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, mo sì tún jẹ́ òbí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: fídíò kọ́ ló ń já wa kulẹ̀, bí a ṣe ń wò ó ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin jókòó ti fídíò ìṣirò kan lórí bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń wàásù fún, ó tilẹ̀ ń bá olùkọ́ inú rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó tán, mo fún un ní bébà pé kó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3. Kíá ló kọ 2/5. Ó ti ro ti òkè pọ̀, ó ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó sì gbé e fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní, "Èwo ló pọ̀ jù, ìdajì àbí 2/5?" Ó wò ó títí. Ó fa ìlà kan, ó pín in sí mẹ́wàá, ó rí i pé ìdajì gba márùn-ún, 2/5 gba mẹ́rin péré. "Háà! Mo ro nǹkan mọ́ ìdajì, ó tún wá kéré sí i?" Ìgbà yẹn la tó padà sínú fídíò. Lọ́tẹ̀ yìí, kí olùkọ́ náà tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, màá dá a dúró, òun á kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di bí ogójì. Ó rí 5/6 rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu fídíò o. Lọ́dún 2004, Salman Khan, ará Amẹ́ríkà kan, ń kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún 2006 ló tó ń gbé fídíò sórí YouTube, ibẹ̀ ni Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí ayélujára, ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ìbátan òun ní àwọn fẹ́ràn òun lórí YouTube ju ojúkojú lọ. Ó yé mi. Ọmọ tó ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé kò yé òun, ojú á máa tì í láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, fídíò kì í sì í kanra mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó ń bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ wà, kí fídíò tó tẹ̀lé e.

Nínú kíláàsì, PhET ni ààyò mi, ìyẹn ìkànnì tí ọmọ ti lè ṣe àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì lójú kọ̀ǹpútà. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado lọ́dún 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo kàn ní kí wọ́n ṣáà máa lò ó. Ariwo sọ. Wọ́n ti rí i pé bí wáyà bá ti orí bátìrì lọ sí ìdí rẹ̀ tààrà, láìgba inú gílóòbù, bátìrì á gbiná. Títí aago fi lù, bátìrì ni wọ́n ń sun. Mo sì ń tan ara mi pé ẹ̀kọ́ ń lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo ya bátìrì, gílóòbù àti wáyà kan ṣoṣo sójú pátákó, wáyà náà lọ, kò bọ̀. Mo ní kí kálukú kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ó máa tàn, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ pé ó máa tàn, pé iná á gba inú wáyà débẹ̀ bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Ìgbà náà ni wọ́n tó so ó lójú kọ̀ǹpútà. Kò tàn. Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀, tó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì lọ́hùn-ún, ní, "Sà, iná náà ò rọ́nà padà." Mi ò tíì kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn. Mo wá fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n fi sun bátìrì, àmọ́ kí wọ́n sọ ìdí tó fi ń jó fún mi.

Ní ti dátà, ẹ dáńlóòdù ohun tí ẹ fẹ́ lò ṣáájú ọjọ́ náà. PhET ṣeé wà sórí kọ̀ǹpútà, Kiwix sì ń jẹ́ kí ènìyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn náà kì í jẹ́ kí ọmọ ti orí ìṣirò bọ́ sínú bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan rèé, Olóòtú. Dípò kí ẹ máa to orúkọ ìkànnì mẹ́wàá mẹ́wàá fún wa, ẹ mú ẹyọ kan lọ́sẹ̀, kí òbí tàbí olùkọ́ tó ti lò ó sọ ìbéèrè tó bi ọmọ kó tó tẹ bọ́tìnnì, àti èsì àkọ́kọ́ tí ọmọ fún un, ì báà kùnà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò ṣíde, bébà 2/5 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ti fún mi láṣẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan