Orúkọ méjìlá tí Màmá kọ sílẹ̀

Adó-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró dìgbà tí a bá ráyè pe ara wa. Wọ́n ti gbà fún wa! Agbo ọmọ, níbi tí a ó ti máa kọ́ wọn láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n nínú àti bí a ṣe ń parí ìjà, á bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé wa ní sáà tó ń bọ̀, ogójì ìṣẹ́jú ní gbogbo Ọjọ́rú, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Inú mi dùn títí mo fi rí orúkọ àwọn ọmọ tí Màmá, ọ̀gá ilé-ìwé wa, kọ sílẹ̀. Àwọn méjìlá tí apá tísà ò ká ní kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ni gbogbo wọn. Oníjà, aláriwo, àwọn tó ń fo fẹ́ǹsì. Kò sí ọmọ jẹ́jẹ́ kan ṣoṣo láàárín wọn.

Ìwọ náà mọ ohun tí èyí máa ń bí. Bí a bá kó oníjà méjìlá sójú kan, ara wọn ni wọ́n á máa wò kọ́ ìwà. Ẹni tó bá sọ ìsọkúsọ, àwọn mọ́kànlá á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn á sì dà bí ẹ̀bùn lójú rẹ̀. Ní 1999, Thomas Dishion, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé kíkó àwọn ọ̀dọ́ oníwàhálà jọ sínú ẹgbẹ́ kan láti tọ́ wọn sọ́nà lè mú kí ìwà wọn burú sí i. Nínú méjìlá, mẹ́ta péré ni mo fẹ́, mẹ́rin bó bá pọ̀ tán. Kí àwọn yòókù jẹ́ àdàlù: ọmọ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde, ọmọ tí gbogbo kíláàsì fẹ́ràn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ kan ò ní pé tí gbogbo ilé-ìwé á fi máa pè é ní agbo àwọn olóríkunkun, orúkọ a sì máa ro ọmọ.

Iṣu tuntun ti kún Ọjà Ọba, àbúrò mi ti bí ọkùnrin, Ìyá Àgbà ò yé béèrè rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé òkè òkun máa ń fi àwòrán ojú bẹ̀rẹ̀, ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó ro kókó, kí ọmọ nàka sí èyí tó jọ tirẹ̀. Èdè tiwa ti sọ ibi tí ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú ara. Inú ló ń bíni, òun náà ló ń dùn, òun náà ló ń bà jẹ́. Ojú ló ń tini. Àyà ló ń já. Ọkàn ló ń pòrúurù. Nítorí náà, kí a lẹ páálí ńlá méjì pọ̀, kí ọmọ kan dùbúlẹ̀ lé e, kí òmíràn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Kí a kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sórí ìwé pélébé, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan, á gbé e sí ibi tó ti máa ń mọ̀ ọ́n lára, á sì sọ ohun tó ń fà á.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni kí ọmọ lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọmọ tó ní inú ń bí òun, ojú ló ń tì í nígbà mìíràn, tàbí ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí wọ́n fi bàtà rẹ̀ tó ya ṣe yẹ̀yẹ́, ìkúùkù la máa kọ́kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ìtìjú ló wà nídìí ẹ̀. Bó bá ti lè pe orúkọ ohun tó ń ṣe é, ọwọ́ á rọ̀ díẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Èkìtì ilé rẹ̀ sọ ọ́ máa fi sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún ọ̀rọ̀ sọ fún un. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn. Kí ló dé tí a ó fi máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ léèrè ohun tó ń dùn ún?

Ti mímí, ògì gbígbóná ló dára jù láti fi ṣàlàyé ẹ̀. Kí wọ́n ṣe bí ẹni gbé ife ògì dání: kí wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú, ká ka ení dé ẹẹ́rin, kí wọ́n fẹ́ ẹ kó tutù, ká ka ení dé ẹẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Èémí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tó ń wọlé, nítorí òun ló ń mú kí lílù ọkàn rọlẹ̀. Ọjọ́ tí ara tutù ni kí a ti kọ́ wọn. Tísà tó bá dúró dìgbà tí ọmọ ń gbọ̀n fún ìbínú kó tó ní "mí kanlẹ̀" ti pẹ́ jù.

Orí ẹní ni kí wọ́n jókòó ní òbìrí, àgbà méjì láàárín wọn: ọ̀kan á máa darí, èkejì á jókòó ti ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ jù. Igbá kékeré kan á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá dì í mú ló ní ọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á gbé e fún ẹnì kejì, kò sì ní ṣàlàyé kankan. Òfin mẹ́ta tó, àwọn ọmọ ni kó ṣe é fúnra wọn. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹgba nítòsí rárá. Bí tísà bá mú un wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnikẹ́ni ò ní sọ òótọ́ níbẹ̀ mọ́.

Bí a bá ń ṣeré ìjà àti ìlàjà, ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ipa ara rẹ̀, oníjà náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ti oníjà. Kí wọ́n pààrọ̀. Bí eré bá parí, kí kálukú pàtẹ́wọ́, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó lè bọ́ ipa náà sílẹ̀; bí a ò bá ṣe èyí, wọ́n á gbé ìjà eré jáde lọ sí pápá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "má bínú" máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbí. A ti mọ́ ọn lára láti ní kí ọmọ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Orúnkún á kanlẹ̀, inú á ṣì máa hó. Kí ọ̀kan kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kí èkejì tún ohun tó gbọ́ sọ títí ẹni àkọ́kọ́ á fi ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá pààrọ̀. Lẹ́yìn náà la ó béèrè pé, "Kí lo fẹ́ ṣe láti tún un ṣe?" Bí àforíjì bá ń bọ̀, ìgbà yẹn ni á dé.

Ohun kan ń dẹ́rù bà mí, Ìyá Ìbejì. Bí agbo bá dára, ọmọ á sọ ohun tó wúwo, pé wọ́n ń lù ú nílé, tàbí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí láéláé pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a rọra dá a dúró, "O ṣeun tí o sọ ọ́, èmi àti ìwọ á sọ̀rọ̀ bí a bá ṣe tán," kí a rí òun nìkan lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fẹ́ kí gbogbo tísà mọ èyí kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó wọlé.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Màmá ò ní gbọ́ tèmi. Tìrẹ ló máa ń wọ̀ ọ́ létí, láti ìgbà tó ti jẹ́ tísà rẹ. Jọ̀wọ́, kọ lẹ́tà sí i, fi ọwọ́ kọ ọ́, kì í ka ohun gígùn lórí fóònù. Má sọ pé èmi ni mo fẹjọ́ sùn. Bẹ̀ ẹ́ kó da àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Bó bá ní ìdánwò ló ṣe pàtàkì, sọ fún un pé ní 2011, Joseph Durlak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì irú ètò báyìí 213 jọ, ọmọ tó lé ní 270,000, àwọn tó kópa sì fi nǹkan bí ipò 11 nínú 100 ṣíwájú nínú ẹ̀kọ́. Bó bá fẹ́ ẹ̀rí tojú rẹ̀, kí ó jẹ́ ká ka iye ìjà orí pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀, ká tún kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a bá parí.

Ìpàdé tísà ni Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìwọlé. Kí lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Bá mi kí Táyé àti Kẹ́yìndé, kí o sì kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ