Láńre ti tún bẹ̀rẹ̀ o

Altadena, California
Oṣù Kọkànlá, 2024

Ṣadé mi,

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù, torí ẹ̀rín ni wàá fi bò mí mọ́lẹ̀ kí n tó sọ ìdajì. Láńre ti tún bẹ̀rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, lórí òkè! Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ kó sí i. Mo ní òkè wo? Ó ní òun ò tíì lè sọ, kí ayé má baà gbọ́. Èmi náà wá di ayé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un lọ sí Echo Mountain lọ́jọ́ Sátidé. Mo rò pé tó bá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń parí sí, á sinmi. O mọ̀ mí, mi ò gbọ́n.

Ẹsẹ̀ la fi gùn ún láti òpin Lake Avenue, bíi máìlì méjì ààbọ̀, kọ́nà lórí kọ́nà, oòrùn lórí wa. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. (Dókítà ti wò ó. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Thaddeus Lowe ló la ojú irin débẹ̀. Òun náà ló ń fi bàlúùnù gòkè ṣọ́ ọ̀tá nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, kó tó fi yìnyín àti gáàsì di olówó. Ní 1893 ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: méjì ni wọ́n, okùn irin ló ń fà wọ́n, bí ọ̀kan ṣe ń gùn ni èkejì ń sọ̀. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù tó 62%. Ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, àdúrà ni. Lókè ló kọ́ òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 70 sí, ojú irin tóóró mìíràn sì tún wọ́ láti ibẹ̀ lọ sínú òkè, kọ́nà 127. Ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 lọ, bíi ti rélùwéè wa àtijọ́ gan-an. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo rí ará ilé.

Ọdún mélòó kan ni gbèsè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá náà. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kú sí ní 1913. Iná jó òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní 1900, iná tún padà wá ní 1905, iná jó òtẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà ní ìparí ojú irin tóóró yẹn ní 1936, àgbàrá 1938 wá kó ìyókù. Ohun tó kù ò ju àtẹ̀gùn tí kò wọlé ibì kankan, ìpìlẹ̀, àti àgbá kẹ̀kẹ́ irin tó ń fa okùn nígbà náà.

Mo sọ gbogbo èyí fún Láńre. Ṣé o mọ ohun tó ń ṣe? Ó ń fi ìṣísẹ̀ wọn yàrá! Ó ní, “Igi ni bàbá yẹn fi kọ́ ọ. Sìmẹ́ńtì ni tèmi.”

Ìwo irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo sí kí òkè lè dáhùn. Láńre gbẹ́nu lé e, ó ké “Owó!” Òkè dáhùn: “Wó… wó… wó…” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní ohùn òun dùn.

Bísí ti bí ìbejì, mo ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, bàtà rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ṣadé, jọ̀ọ́, pè é. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ màálù yẹn, ìwọ nìkan ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Má sọ pé èmi ni mo kọ̀wé. Kó má sì pẹ́, torí ó ní òun máa fọwọ́ síwèé kí oṣù tó parí.

Tó o bá bá a sọ̀rọ̀ tán, pe èmi náà. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń júwe yàrá tó máa kọjú sí ìlà oòrùn. Ó ní kí n mú owó tèmi wá, mi ò sì tíì sọ pé rárá.

Èmi ni,
Àdùkẹ́