Ẹ Tọ́ Ewé Tíì Wò Kí Ẹ Tó San Owó Ọ̀pọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀fà tó fẹ́ máa ra ewé tíì tààrà láti orí òkè Mambila, ní ìpínlẹ̀ Taraba, sọ̀rọ̀. Òkè náà ga ju mítà 1,500 lọ. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ewé yára dàgbà, ìyẹn ló ń fún un ládùn.

Ẹ má kọ́kọ́ sanwó kílò mẹ́wàá. Gíráàmù 50 ni kí àwọn tó ń tà á fi ránṣẹ́ ná. Ẹ fi ìka méjì tẹ ewé: èyí tó gbẹ dáadáa á rún, èyí tó tẹ̀ láì dá ti fa omi, kò ní pẹ́ bu. Bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá, èérún ewé ni wọ́n tà fún yín. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n já a.

Gíráàmù 2 tó fún ife omi kan, ìṣẹ́jú 3 sí 4. Omi híhó ni fún tíì dúdú. Ti aláwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 80 Sẹ́síọ́ọ̀sì (°C) lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á korò, wọn á sì ní ewé ni kò dáa.

Ibi ìpamọ́ ni owó ti ń ṣòfò jù. Tíì a máa fa òórùn: ẹni tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú, irú ni yóò mu. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá méjì dì í kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀, torí àlùbọ́sà tí ọkọ̀ lè kó pọ̀ mọ́ ọn. Nílé, agolo tó dé pinpin ni, kì í ṣe fíríìjì. Bí ẹ bá mú un jáde nínú fíríìjì tí ẹ sì ṣí i ní tútù, omi á sẹ̀ sára ewé.

Olùkà yín,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara