Dádì, Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Ìkòròdú Yẹn

Dádì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Mọ́mì, mo kí gbogbo ará ilé. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wọ àkáǹtì Mọ́mì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni kí ẹ fi rà.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ dé òpin, mo tún un gbọ́. Ẹ ní èmi ni mo di ọ̀nà mọ́ Dàpọ̀ àbúrò mi, tí kò fi lè wá bá mi ní Ìlú Ọba. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Dádì? Òfin ibí gbà kí àwọn kan mú ọkọ tàbí ọmọ wá, àmọ́ kò fi ti àbúrò kún un. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo ń ṣe yìí náà, wọ́n ti tì í mọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ti orílẹ̀-èdè míì wá ṣe é láti July 22, 2025. Èmi kọ́ ni mo tì í.

Ó wá ku ọ̀nà ilé-ìwé, ìyẹn sì ni ẹ torí ẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù 9 gbọ́dọ̀ wà ní báńkì kí wọ́n rí i, owó ìlera £776 lọ́dún sì tún wà. Kó tó di June 2023, pọ́n-ùn kan kò tó náírà 600 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,800. Tí Dàpọ̀ bá wá dé, wákàtí 20 péré ni wọ́n á jẹ́ kó fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹni tó bá béèrè àyè láti dúró wáṣẹ́ láti January 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un, kì í ṣe ọdún 2 mọ́. Ilẹ̀ á ti lọ, ọmọ ò sì tíì fìdí jókòó. Ibo ni ẹ̀yin àti Mọ́mì máa wá kọ́lé sí?

Ẹ ní ó ti pé ọmọ ọdún 28, kò sì tíì débi iṣẹ́ ẹ̀ńjìníà ní Victoria Island bí ẹ ṣe ń fọkàn sí i láti ọjọ́ tó ti wọ UNILAG. Ṣé òun ló fẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba nǹkan bí oṣù 9 lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2020, ó tún gba oṣù 8 ní 2022, kó tó wá lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jáde, mélòó nínú wọn ló wà ní irú ọ́fíìsì tí ẹ ń rò yẹn? Ẹ bi àwọn òbí wọn.

Mo pè é ní Sátidé lórí fídíò. Orí òrùlé ilé alájà kan ní Pedro ló wà, ó fi eyín di sípánà mú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa irin pánẹ́ẹ̀lì sólà kó lè tọ́. Ó ní kí n má tíì pa fóònù. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó tan ìnfátà, tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, màmá onílé gbàdúrà fún un títí, mo ń ṣe àmín láti ibí. Dádì, iṣẹ́ nìyẹn! Ẹ má pè é ní aláìríṣẹ́ mọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ó ń dùn ún, kò kàn lè sọ fún yín ni.

Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè ìwé tí ẹ ń tẹ̀. Ní April 2024, àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, bẹ̀rẹ̀ sí í san náírà 225 fún yúníìtì iná kan tí kò tó 70 tẹ́lẹ̀. Nínú Ṣómólú tí ilé ìtẹ̀wé kún bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní wá ẹni bíi Dàpọ̀?

Ẹ sì dákun, ẹ yé sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé báńkì ni mo wà. Ìṣirò owó ni mo kọ́, ó sì ń dùn mí pé kì í ṣe òun ni mo ń ṣe. Àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ tí mo fi ń wẹ arúgbó, tí mo fi ń gbé wọn yí lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń ra oògùn yín. Mi ò tijú ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà má tijú mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ lo iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, níbi tí ẹ ń kó àjákù bébà sí, kó gbé pátákó tiẹ̀ síbẹ̀. Mo máa fi owó àkàbà àti mítà tó fi ń yẹ iná wò ránṣẹ́ ní ìparí oṣù. Ẹ tún pe ájẹ́ǹtì ilẹ̀ yẹn lónìí, ẹ sọ fún un pé kó má mú ẹnikẹ́ni lọ wò ó mọ́. Ìwé ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín, àbí? Ẹ ò tíì gba owó kankan lọ́wọ́ ẹnì kankan? Ẹ ní kí Mọ́mì dá mi lóhùn kí n tó wọṣẹ́ lálẹ́.

Ọmọ yín,
Bùkọ́lá